Ibi Tí Kọ̀ǹpútà Tọ́ka Sí

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, kí ẹnikẹ́ni má gbà mí nímọ̀ràn mọ́. Àwọn ọmọ ní kí n jókòó sílé. Mo bá Bàbá Ràṣídì, ọkọ mi, lọ ṣàyẹ̀wò jẹjẹrẹ tó ń mú ọkùnrin lábẹ́ àpò ìtọ̀.

Dókítà bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń dìde tọ̀ lóru. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan.

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni, dókítà. Èmi ni mò ń tan iná fún wọn."

Ẹ̀rọ ya àwòrán inú wọn. Dókítà ò rí nǹkan kan, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó ń bá a wò ó tọ́ka sí ibì kékeré kan nínú àwòrán náà. Dókítà máa gé díẹ̀ níbẹ̀ wò ní Mọ́ńdè.

Nínú ọkọ̀, Bàbá ní kí n dárí gbogbo gbèsè tí àwọn jẹ mí ji àwọn, bí ẹni tó ti fẹ́ lọ. Ọwọ́ wọn tutù. Mo fi ìborùn mi wé e.

Mi ò dárí kankan jì. Wọ́n jẹ mí ní àgbò kan láti Iléyá ọdún tí mo bí Ràṣídì. Kí wọ́n san àgbò mi.