Àwọn Èèrà Tí A Fi Dán Ọyàn Wò

Màámi àtàtà,

Ó di Jímọ̀ mẹ́ta báyìí tí mi ò tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú sàréè. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí rẹ̀. Kàkà kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíì, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi ọmọ yín: inú ń bí mi sí yín.

Mo ti bímọ. Obìnrin ni. Ẹ̀yin ló yẹ kó wá bá mi wẹ̀ ẹ́, ẹ ò sí, ni ìyá ọkọ mi bá kó kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú dé láti Ìwó. Kì í ṣe ìkà, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní ìjánu. Orí ọmú mi bó, ẹ̀jẹ̀ ń bá wàrà jáde, tí ọmọ bá ti gbẹ́nu lé e, màá di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ṣé bó ṣe dun ẹ̀yin náà nìyẹn? Ẹ ò sọ fún mi rí. Ohun tí ẹ máa ń sọ ni pé abiyamọ tòótọ́ kì í pariwo.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí ọmọ ń sunkún ṣáá, ìyá ọkọ mi ní ọyàn mi korò. Ó ní kí n fún un sínú àwo, ó sì kó èèrà mẹ́fà sí i, ó ní bí wọ́n bá kú, májèlé ni wàrà mi. Wọ́n kú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọmọ ní ògì nìyẹn. Á tẹ́ ẹ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ dí i nímú kó lè lanu, á wá máa da ògì sí i lọ́fun. Ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ṣàngó dé, ó ní ìyá òun mọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Èmi gbọ́, mo jókòó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ fi ń ṣu omi. Ojú rẹ̀ jìn wọnú. Ọyàn mi le gbandi, ibà mú mi, mo ń fún wàrà dà sílẹ̀ ní balùwẹ̀ nígbà tí ọmọ mi ń kú lọ nínú yàrá.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo da píọ́ wọ́tà sínú àwo, mo kó èèrà sí i. Mo lọ fọ aṣọ ọmọ, mo sá a. Nígbà tí mo padà dé, gbogbo wọn ti kú, nínú omi tí gbogbo wa ń mu. Mo gbé e fún ìyá ọkọ mi. Ó wò ó títí, ó ní omi Ọ̀tà gan-an ò dáa. Mi ò bá a jà. Mo gba ọmọ mi, ó di ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi ọmú sí i lẹ́nu, bó ti wù kó dùn mí tó. Ó ti ń sanra báyìí.

Àmọ́ Àǹtí Sèkínà, ìyàwó Bùrọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi, ò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ẹ ní kí n lọ ṣa èèrà lẹ́yìn ilé tí ẹ máa fi dán ọyàn rẹ̀ wò. Mo sáré lọ, inú mi ń dùn pé ẹ rán mi níṣẹ́ àgbà. Ẹ já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú, ẹ fi ògì rọ ọ́ títí ó fi kú. Gbogbo àdúgbò wá ń pè é ní ọlọ́mú májèlé, Bùrọ̀dá sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ta ló fi èèrà dán tiyín wò, ẹ̀yin tí ẹ fún mi lọ́mú ọdún méjì gbáko?

Mo ní ẹ ò mọ̀ ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ ò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gun ọ̀kadà lọ bá a ní Ìgbẹsà, níbi tó ti ń ránṣọ, láti sọ fún un nípa omi náà, kí n sì bẹ̀ ẹ́ lórúkọ àwa méjèèjì. Eyínfúnjowó ló ṣì ń pè mí, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ ọkọ rẹ̀. Ó gbé ọmọ mi sí itan, ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní òun náà fi omi dán an wò nígbà yẹn, tí ọmọ òun ṣì wà láàyè. Ó ní òun kúnlẹ̀, òun gbé àwo náà fún yín, ẹ wo àwọn èèrà tó kú sínú omi, ẹ dà á nù, ẹ ní kó má jẹ́ kí Bùrọ̀dá gbọ́.

Èmi ni, ọmọ yín. Mo ṣì fẹ́ràn yín, ó sì ń dùn mí.