Ìdájọ́ Ọmọ Rẹ Lórí Eré Pẹ́pẹ́yẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti ìyá ọkọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ yín. Ara mi le. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n rẹ káfíńtà ti tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe.

Mo mú ọmọ rẹ tí o fi sọ́dọ̀ mi nígbà tí o lọ sí ìlú òkèèrè, tí a ń pè ní Adájọ́, lọ sí ilé sinimá láti wo eré àwòrán ìdílé pẹ́pẹ́yẹ tí ìwọ náà wò ní kékeré. Apá keje ti jáde. Àwòrán rẹ̀ dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n orin ti pọ̀ jù, ìtàn inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní ìparí, ìyá pẹ́pẹ́yẹ tó ti rìnrìn àjò láti apá kẹrin padà dé. Gbogbo ọmọdé pàtẹ́wọ́. Adájọ́ nìkan ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Àgbà, irọ́ ńlá lèyí! Ìyá ta ló lọ tó padà?"

Mo ní, "Ìyá rẹ ń bọ̀ o."

Ó rọra gbá mi lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Àgbà. Ó ti mọ́ mi lára."

Omijé kankan kò sí lójú rẹ̀. Ọmọ kékeré ti bá ìyá tó wà láàyè dágbére pátápátá.

Má fi bàtà ránṣẹ́ mọ́; èyí tó dé kẹ́yìn kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, kí o wá. Ọlọ́run yóò mú ẹsẹ̀ rẹ délé ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n má dá ọjọ́ fún un lórí fóònù, kò ní gbà ọ́ gbọ́. Jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí ọ lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.