Oúnjẹ Oko Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀gá àgbà tuntun ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Láti ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń dáná fún ilé-ìwé yìí, wọn kì í pe alásè sí ọ́fíìsì fún ire. Àfi bó ṣe ní kí n jókòó, tó sì bu omi fún mi.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rèé: láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ inú agolo wá ò ní í wá mọ́. Ohun tí wọ́n bá gbìn nítòsí la ó máa sè. Àwọn ọmọ á kọ́ nípa rẹ̀ ní kíláàsì, wọ́n á sì jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un láti fi dán an wò. Ojoojúmọ́ la ó máa gbé àjẹkù sórí òṣùwọ̀n. Nígbà agolo, kílò méjìdínlógún là ń dà nù lóòjọ́. Tí a bá ń dà nù jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, agolo padà dé nìyẹn.

Mo ní ta ni yóò máa bó èèpo gbogbo ẹ̀? Ó ní, "Ó máa dáa, Mọ́mì." Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó dìde. Ó-Máa-Dáa ni màá máa pè é níbí.

Ó bi mí pé oko wo ló sún mọ́ wa jù. Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Aṣọ́nà ti tú àṣírí. Ó ti sọ fún Ó-Máa-Dáa pé oko ẹ̀gbọ́n mi ló sún mọ́ wa jù.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ bá Bọ̀dá mi lóko lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ń kọ ebè. Kò sọ ọkọ́ sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ̀rọ̀ mi tán. Ó ní òun ní ànàmọ́, òun ní elégédé, ẹ̀wà, kárọ́ọ̀tì, tòmátì — ilé òun ò lè jẹ ẹ́ tán. Ìdajì rẹ̀ ló máa ń bàjẹ́ sóko lọ́dọọdún. Ó wá bi mí pé ṣé àwọn ọmọ gan-an ló máa jẹ ẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí. Ojú ẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n bímọ fún.

Àmọ́ ó ní, "Mi ò ní í wọlé o. Ẹnu géètì ni mo ti máa sọ ẹrù."

Mi ò béèrè ìdí. Mo mọ ìdí. Ọwọ́ mi ò tíì gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ àkọ́kọ́. Bọ̀dá mi ti ti ọmọlanke dé ẹnu géètì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó sọ apẹ̀rẹ̀ mẹ́sàn-án kalẹ̀, ó yí padà.

Ìyàwó Agolo wo àwọn apẹ̀rẹ̀ náà bí ẹni tí wọ́n gbé òkú wá bá. (Igbákejì mi ni. Ó lè ṣí ogún agolo kí èèyàn tó sín lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni mo ṣe fún un lórúkọ yẹn.) Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, erùpẹ̀ wà lára ẹ̀." Mo ní inú erùpẹ̀ ló ti jáde. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun ò retí pé yóò mú un dání wá.

A bó èèpo títí ìka wa fi wú. Ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní kan yọjú sí wa, ó wo ànàmọ́ títí, ó ní, "Mà, ta ló rì í mọ́lẹ̀? Kí ló ṣe?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, ẹ̀rín tán. Wọn ò jẹ ẹ́. Wọ́n ń fi ṣíbí tì í síwá sẹ́yìn. Àjẹkù: kílò mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Elégédé. Kílò mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Tíṣà kíláàsì kẹrin wá bá mi ní ilé ìdáná. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹnu ẹ̀ mú. Ó ní kì í ṣe oúnjẹ mi ni ò dùn. Àwọn ọmọ ò mọ ohun tó wà nínú abọ́ ni. Ta ló ń jẹ ohun tí kò mọ̀? Ó ní kí n jẹ́ kí kíláàsì òun wá bá mi bó ẹ̀wà lọ́la, kí wọ́n fi ṣe ìṣirò.

Mo ní ogójì ọmọ nínú ilé ìdáná mi? Ó ní ká tẹ́ ẹní síta. Ẹni tó bá bínú sí ọmọlúàbí tó rí báyìí, èṣù ló ń ṣe é. Mo gbà.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ ayọ̀. Màá kọ gbogbo ẹ̀.

Ẹní mẹ́rin lábẹ́ igi. Ẹ̀wà tútù tó ṣì wà nínú èèpo, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin. Tíṣà ní kí wọ́n ka iye hóró tó wà nínú èèpo kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ariwo sọ. Ẹni tó rí mẹ́jọ ń yan bí ọba. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú ẹ̀ ti yọ rí mọ́kànlá, ó kọ̀ láti jù ú sínú abọ́ — ó ní ẹlòmíì ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Mo ní inú ìkòkò, gbogbo wọn á dà pọ̀. Ó ní òun á dá a mọ̀.

Nígbà tí agogo oúnjẹ lù, kíláàsì kẹrin ti di aṣojú ilé ìdáná. Wọ́n ń lọ láti tábìlì dé tábìlì. "Ẹ jẹ ẹ́ o, àwa la bó o." Eléyín-yíyọ dúró ti ọmọ kíláàsì kejì kan bí olópàá títí ọmọ náà fi lá abọ́.

Ogún kílò. Ó-Máa-Dáa wo òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo wí fún un pé ó máa dáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Kílò mẹ́rìnlá. A ti borí agolo. Ìyàwó Agolo jó yí ìkòkò ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní àtìbẹ̀rẹ̀ lòun ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Kíláàsì kẹrin kọ lẹ́tà sí àgbẹ̀ wọn. Wọ́n ní kó wá kọ́ àwọn bí ẹ̀wà ṣe ń jáde nínú ilẹ̀. Ogójì ọmọ ló buwọ́ lù ú. Èmi ni wọ́n ní kí n mú un lọ. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ó dáa. Jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ilé-ìwé yìí náà lèmi àti Bọ̀dá mi lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, òun jẹ́ mọ́kànlá, ó wà ní kíláàsì kẹrin. Àwọn tíṣà ní oko ẹ̀pà lẹ́yìn ilé-ìwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo yọ́ lọ síbẹ̀, mo fa ebè kan gbáko tu, mo jẹ ẹ́ ní tútù. Bọ̀dá mi rí ebè náà, ó ń wá bó ṣe máa tún un ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ká a mọ́. Wọ́n nà án lójú gbogbo ọmọ ilé-ìwé, wọ́n ní kó máa lọ. Mo dúró lórí ìlà. Ẹ̀pà ṣì wà láàárín eyín mi. N kò sọ̀rọ̀.

Bàbá wa wí pé oko ti tó o, kò gbọdọ̀ padà sí ilé-ìwé. Èmi ń bá ìwé lọ. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta rèé.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Mo ka lẹ́tà náà fún un ní ẹnu géètì. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó — ó fi ìka tẹ̀lé orúkọ kọ̀ọ̀kan tí kò lè kà mọ́. Ó ní, "Sọ fún wọn pé iṣẹ́ pọ̀ lóko."

Mo tún dákẹ́. Kílò mọ́kànlá.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá

Mo ti sọ ọ́.

Mo bá a lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ń ṣa tòmátì tó dáa sọ́tọ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá mi, èmi ni mo jẹ ẹ̀pà yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní láti ìgbà wo? Ó ní láti ọjọ́ náà. Èèpo ẹ̀pà wà nínú irun mi. Òun ló yọ ọ́ kí wọ́n tó rí i.

Mo bú sẹ́kún. Ó jẹ́ kí n sun ún díẹ̀, ó wá ní kò dun òun tó bí mo ṣe rò. Òun fẹ́ràn oko. Ohun kan ṣoṣo ló dun òun: "Ebè odidi, o ò fi ẹyọ kan ṣẹ́kù fún mi. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ló ń ru igbá ẹ̀ délé."

A rẹ́rìn-ín títí ìyàwó rẹ̀ fi yọjú láti inú ilé pé kí ló dé.

Mo wá bi í pé, tí kò bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kì í fi í wọ inú ilé-ìwé. Ó ní ẹni tí wọ́n bá lé kì í dá padà, wọ́n gbọ́dọ̀ pè é. Mo ní ogójì èèyàn ló pè yín, ẹ ti rí orúkọ wọn.

Ó gbé tòmátì kan, ó nù ún mọ́ aṣọ.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀pà náà fún Ó-Máa-Dáa. Mo wá ní kí Tíṣà jẹ́ kí n sọ fún kíláàsì kẹrin fúnra mi. Eléyín-yíyọ nàwọ́ sókè, ó ní ìyà wo ni wọ́n fi jẹ mí. Mo ní kò sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìmọ̀. Ìdájọ́: kí n gbin ebè ẹ̀pà kan, kí n má sì jẹ nínú ẹ̀.

Mo gbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Ó wọlé.

Ó wọ aṣọ tó fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan sí èjìká. Ó dúró ní géètì fúngbà díẹ̀. Aṣọ́nà ṣí i gbayawu. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, ṣíbí lọ́wọ́ mi, ọbẹ̀ ń jóná lẹ́yìn mi.

Ó fi ìka wọn ilẹ̀ fún wọn: hóró ẹ̀wà ò gbọdọ̀ jìn ju oríkèé ìka méjì lọ. Ó ní kí wọ́n gbóòórùn erùpẹ̀. Ogójì imú wọnú ilẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè, wọ́n bi í léèrè, kò sí èyí tí kò dáhùn. Tíṣà jókòó sórí àga kékeré lẹ́yìn, òun náà ń kọ̀wé.

Wọ́n ní kó bá àwọn jẹun. Ó jẹ ẹ̀wà oko ara ẹ̀ ní tábìlì àwọn ọmọ, orúnkún ẹ̀ kan àgbọ̀n.

Àjẹkù: kílò mẹ́rin. Ó-Máa-Dáa gbé fóònù, ó sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ agolo pé kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu.

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá

Mo gbọ́ ohùn kan bí mo ṣe ń gbé omi kọjá kíláàsì kẹrin láàárọ̀. Mo yọjú. Iṣẹ́ ọgbà ni Bọ̀dá mi á máa kọ́ wọn fún wákàtí kan, wọ́n á sì kọ́ òun náà ní ìwé fún wákàtí kan: àdéhùn tí òun àti Tíṣà ṣe nìyẹn, n kò mọ̀ sí i. Tíṣà ń pe orúkọ nínú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wá sí ilé-ìwé. Ó pe ogójì. Ó tún pe ọ̀kan.

Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta dìde ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ti gbàgbé ohun tí wọ́n máa ń sọ. Eléyín-yíyọ sọ ọ́ sí i létí.

Ó ní, "Mo wà níbí, Mà."