Ìwé Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Ìrọ̀rí Mi

Ìnísà,
Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀.

Abdulhameed ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, fún Afeefah ìyàwó rẹ, àti fún gbogbo ẹni tó ń fẹ́ ire fún ọ ní Kokomlemle ní Ákírà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ire, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó mọ ojúlé rẹ. Ara wa le, àfi orúnkún mi, àti ewúrẹ́ ìyá rẹ tó jẹ lára fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́. Ojúọlá tó ń gbé ọṣẹ lọ sí Kotobabi nítòsí yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí fóònù, mi ò mọ ẹni tó ń gbọ́ wa láàárín.

O ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Ákírà gbà ọ́ kí o máa bá wọn to ìwé wọn, kí nǹkan má baà sọnù mọ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. O ní gbogbo ìwé lẹ máa dá ọjọ́ fún, tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ẹ ó sun ún. Ta ló bí ìwé tó fi mọ ọjọ́ ikú rẹ̀? O tún ní ẹ̀rọ kan máa tan iná sí ìwé lójú, á sì kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Tó bá kó o tán, kí ló kù fún bébà? Mísbáù oníṣẹ́ fọ́tò ní yíǹkì ò ní kúrò. Mi ò gba Mísbáù gbọ́, torí láti ìgbà tó ti yà mí ní fọ́tò ni irun mi ti ń já.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìwé orúkọ ẹgbẹ́ lo kọ sókè nínú àkọsílẹ̀ àwọn ìwé tó sọnù, pé Kàsímù Àdìó ló mú un gbẹ̀yìn, kò sì fọwọ́ síwèé. Èmi bàbá rẹ! Ṣé olè ni mí ni? Ta ló rán ọ sí mi gan-an? Ọdún tí wọ́n ní kí àjèjì kúrò ní Gánà, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wa, èmi sì ni akọ̀wé. Ẹlòmíràn ń di aṣọ, ẹlòmíràn ń di ìkòkò, èmi di ìwé náà mọ́ ikùn. Ta ni ǹ bá fọwọ́ síwèé fún, nígbà tí alága ti wà nínú lọ́rì?

Mo ṣáà kọ fọ́ọ̀mù rẹ. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ibi tí ìwé wà, mo kọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ẹni tó láṣẹ láti wò ó, mo kọ èmi. Ìgbà tí a ó tọ́jú rẹ̀ dà, ibẹ̀ ni ewúrẹ́ jẹ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ìyá rẹ pàápàá. Orúkọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, èmi ni mo kéré jù nínú wọn. Láti ìgbà tí a ti dé, ẹni tó bá kú, màá bèèrè ọjọ́ àti ibi tí wọ́n sin ín sí, màá kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń wá, èmi ni mò ń ṣí i fún wọn, mi ò sì bèèrè ọ̀rọ̀ àṣírí kankan, bí kọ̀ǹpútà yín ṣe máa ń bèèrè, lọ́wọ́ ẹni tó ń wá bàbá rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, Olúdélé kú ní Òkukù. Orúkọ kan ló kù tí kò ní nǹkan níwájú.

Nítorí náà, má rán ẹnikẹ́ni wá gbà á. Fi owó àpótí irin ránṣẹ́, torí mo ti rí ikán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí o fi ti egbòogi orúnkún mi kún un. Lẹ́yìn náà kí ìwọ fúnra rẹ wá, kí o mú ìwé ìfọwọ́sí dání. Èmi á fọwọ́ sí i pé mo dá a padà. Ìwọ náà á fọwọ́ sí i pé ẹ ò ní sun ún láéláé, àti pé lọ́jọ́ tí ọjọ́ bá pé, ìwọ lo máa kọ ti Kàsímù sí i. Gègé ni kí o fi kọ ọ́ o, mi ò fẹ́ ẹ̀rọ.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹni tó bá ń wá ọ wá ọ tì.

Èmi bàbá rẹ,
Kàsímù Àdìó,
Akọ̀wé.