Abọ́ Alùbáríkà àti Orúkọ Bàbá Mi

Àdúgbò Temple, NE,
Calgary, Alberta.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Harrow Hill Museum,
Calgary, Alberta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀTÚNṢE OHUN TÍ Ẹ KỌ SÍLẸ̀ NÍPA ALFA TÀJÙDÉÈN ABỌ́DẸRÌN

1. Ní Sátidé, ọjọ́ kọkànlá oṣù tó kọjá, mo mú bàbá mi wá wo àwọn abọ́ amọ̀ tí ẹ kó wá láti Nishapur, nílẹ̀ Páṣíà. Abọ́ ìjẹun ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọ̀kan nínú wọn funfun, wọ́n fi dúdú kọ nǹkan yí etí rẹ̀ po. Ẹ kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ọnà lásán ni.

2. Ọdún mọ́kànlélógójì ni bàbá mi fi kọ́ ọmọ ní kéú ní Ìwó. Bí a ṣe ń kàwé ní ilé kéú ni ó ṣe ka abọ́ náà: ó nàka sí i, ó gbóhùn sókè, ó ń mì síwá sẹ́yìn. Nítorí pé ìkọ̀wé náà yí abọ́ po, òun náà ń yí àpótí gíláàsì po. Nígbà tó yí i lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀ṣọ́ yín dá a dúró.

3. Àwọn èèyàn ń wò wá, ojú sì tì mí. Mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kó má bínú, pé ọpọlọ bàbá mi ti ń dàrú. Mo tún ní nọ́ọ̀sì ni mí, kó lè gbà mí gbọ́. Ó kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi àti àdírẹ́sì wa. Nọ́ọ̀sì ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa nípa ọpọlọ rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

4. Bàbá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú train, ó bi mí pé ṣé òun ti ń ṣe bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dàrú nílé, tí n kò sì sọ fún òun ni. Mo ní rárá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà yín dé, pé kò gbọdọ̀ wọlé mọ́ láìsí olùtọ́jú. Láti ìgbà náà, kò kọ́ Mutmainnah ọmọ mi ní kéú mọ́. Ó ní òun lè ṣì í kọ́.

5. Ohun tó kà rèé: “Alùbáríkà fún ẹni tó ni ín.” Wọn kò fi àmì sí àwọn lẹ́tà Lárúbáwá náà bíi tòde òní, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ lórí rẹ̀. Nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, òun nìkan ni orí rẹ̀ pé sí abọ́ yẹn.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ pa ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ iwájú abọ́ náà kọ. Bàbá mi ni kí ẹ kọ èsì sí, ẹ má kọ ọ́ sí mi. Mo ti sọ òótọ́ fún un títí, kò gbà mí gbọ́ mọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín,
Idiat Abọ́dẹrìn (Ìyáàfin),
Nọ́ọ̀sì.