Kọ̀ǹpútà Ní Òun Kò Mọ Ọmọ Mi

Ọkọ mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun kí o tó jókòó ti ẹ̀rọ? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́. A kò ní gbọ́ aburú nípa rẹ láé.

Lẹ́tà rẹ dé, tí o ní àwọn alábòójútó ọjà inú kọ̀ǹpútà kò gba ìwé ìwọ̀n aṣọ orí ẹ̀rọ tí o ṣe fún iṣẹ́ aránṣọ mi wọlé, àti pé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o jáwọ́. Ó dùn mí. Mo bá wọ aṣọ tó mọ́, mo jókòó, mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀, mo fojú ara mi wo ọjà náà. Ká sòótọ́, ó dára. Gbogbo nǹkan wà lójú kan, wọ́n ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu ọ̀nà kí kòkòrò má bàa wọlé. Èmi náà ti fi oògùn kòkòrò, irú èyí tí mo ń fi sáàárín aṣọ, sábẹ́ kọ̀ǹpútà láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Àmọ́ kò sí ẹni tí èèyàn lè ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ìwé ìwọ̀n tiwọn, mo ní kí wọ́n tún bá mi dín in kù, ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Mo mú un bẹ́ẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo ti lè kọ ọ́ pé ìyàwó tíṣà ò fẹ́ kí wọ́n ka ìwọ̀n ìdí òun sókè. Tìrẹ ní i. Ọmọ aránṣọ nìkan ló lè rò ó débẹ̀.

Mo bá padà sídìí tìrẹ tí o fi ránṣẹ́ tààrà. Ni kọ̀ǹpútà bá gbé pátákó pupa jáde, àbúrò rẹ obìnrin kà á fún mi pé ẹni tó ṣe nǹkan yìí, òun kò mọ̀ ọ́n. Inú bí mi! Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn tí mo fi ń wa máṣíìnì? Mo dárúkọ rẹ fún un, mo dárúkọ bàbá rẹ àti bàbá bàbá rẹ, pátákó ò kúrò. Àbúrò rẹ ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé, pé ọjà ni kò tíì lu iṣẹ́ rẹ ní òǹtẹ̀. Mo ní òǹtẹ̀ wo ló ju ìdodo rẹ lọ, ṣebí ojú mi ni wọ́n ṣe gé e. Kọ̀ǹpútà wá bi mí bóyá mo fọkàn tán ẹni tó ṣe é. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, mo tún un tẹ̀ kó lè dá a lójú, pátákó bá kúrò, ìwé rẹ sì ṣí.

Má bínú sí wọn, èmi náà kì í gba ẹrù ẹni tí n kò mọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá ní kí o tún un ṣe, tún un ṣe. Aránṣọ tí kò lè tú aṣọ kó tún un rán kò tíì kọ́ṣẹ́.

Jọ̀ọ́, fi òwú dúdú ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ ọjà náà tí wọ́n ń pè ní dátà.

Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń bi ọ́ pé ta ni ọ́, Ọlọ́run á fi orúkọ rẹ ṣí i.

Èmi ni ìyá rẹ, èmi tí mo mọ̀ ọ́.