Ìyẹ̀fun Pupa Tí Ìyá Rẹ Pò Mọ́ Wàrà

Kibiwott, ọmọ mi,

Bí o bá ti ibi ìdánrawò eré sísá dé, má jókòó. Arap Birgen, aládùúgbò wa, ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èmi àti ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní Eldoret.

Ní òwúrọ̀ yìí, lẹ́yìn tí ìyá rẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó bu ìyẹ̀fun pupa inú ìgò rẹ, èyí tí o ní ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn fún eré sísá, sínú wàrà rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí. Ó rẹ́rìn-ín: "Tíṣà, ṣé ẹsẹ̀ ọmọ yín nìkan ló yẹ kó yá ni? Lọ́la, mo fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ pàdé ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń parí eré ìdíje."

Ẹnu géètì ni ó ti ṣubú. Mo fẹ́ pè ọ́, ó di ọwọ́ mi mú: "Ẹ jẹ́ kó sáré ẹ̀ tán ná." Láti ìgbà náà, mo ń pè é, kò dáhùn.

Má dá ara rẹ lẹ́bi. Èmi ni mo ka ara ìgò náà sí i létí; mo ka ìlérí, n kò ka ìkìlọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mú ìgò náà wá fún dókítà.

Wàrà rẹ wà lórí tábìlì. Ó ti bu tìrẹ sọ́tọ̀ kí ó tó po tirẹ̀. Mu ún kí o tó wá.

Bàbá rẹ